Ẹnu mẹ́ta, iṣẹ́ kan: kí ló yẹ kí àwọn oníwàásù fohùn ṣọ̀kan lé lórí?

Ìbéèrè: Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa méjì là ń wàásù nínú ìjọ wa, a sì máa ń pe àlejò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lóṣù tó kọjá, èmi wàásù pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ìgbàlà, pé kò sẹ́ni tó lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rà á. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹnìkejì mi wàásù pé òkú ni ìgbàgbọ́ tí kò bá ní iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, àlejò tí a pè sọ pé ẹni tí kò bá gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún tí òun là sílẹ̀, kó má tíì fọkàn balẹ̀ pé Ọlọ́run ti dárí jì í. Arábìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù gbọ́ wá bi mí lẹ́yìn ìsìn pé, "Èwo ni kí n dì mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?" Mi ò rí èsì fún un. Ṣé kí gbogbo wa máa wàásù láti inú ìwé kan náà ni? Ṣé ó sì yẹ kí n tún ọ̀rọ̀ àlejò yẹn ṣe lórí àga ìwàásù?

Ìdáhùn: Arákùnrin mi, ìwàásù mẹ́ta lẹ kà fún mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì péré ni mo rí nínú wọn. Tiyín àti ti ẹnìkejì yín, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n. Ti àlejò yín ni iṣẹ́ kejì. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ìjọ láàmú nìyẹn: wọ́n ń sá fún ìyàtọ̀ tí kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, èyí tó ń pani sì ń gba iwájú wọn kọjá nítorí pé ẹnu ẹni tó sọ ọ́ dùn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹ̀yin méjèèjì ná. Ẹni tó bá ka Róòmù 3:28 tán tó wá ka Jákọ́bù 2:24 lè rò pé ìjà ló wà láàárín Pọ́ọ̀lù àti Jákọ́bù. Pọ́ọ̀lù ní ìgbàgbọ́ la fi ń dá ènìyàn láre láìsí iṣẹ́ òfin. Jákọ́bù ní nípa iṣẹ́ ni, kì í ṣe nípa ìgbàgbọ́ nìkan. Ábúráhámù kan náà ni àwọn méjèèjì sì pè wá jẹ́rìí! Ẹ wá wo ẹni tí olúkúlùkù ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó rò pé ìkọlà àti pípa òfin mọ́ ló máa sọ òun di ẹni Ọlọ́run ni Pọ́ọ̀lù kọjú sí. Ó mú un padà sí Jẹ́nẹ́sísì 15, níbi tí Ábúráhámù ti gba Ọlọ́run gbọ́ nígbà tí kò tíì kọlà rárá. Ẹni tó ń pariwo pé òun gbàgbọ́, tó wá ń sọ fún arákùnrin tí ebi ń pa pé kó máa lọ ní àlàáfíà láìfún un ní ohunkóhun, ni Jákọ́bù ń bá wí. Ó mú ìyẹn lọ sí Jẹ́nẹ́sísì 22, níbi tí ìgbàgbọ́ Ábúráhámù ti wá hàn lójú ayé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, lọ́jọ́ tó gbé Ísákì gun òkè. Dókítà kan náà lè sọ fún aláìsàn kan pé kó sùn kó sinmi, kó sì sọ fún èyí tó wọlé tẹ̀ lé e pé kó dìde kó máa rìn. Àìsàn wọn ni kò dọ́gba.

Éfésù 2:8 sí 10 tilẹ̀ so ìwàásù ẹ̀yin méjèèjì mọ́ra nínú gbólóhùn tí kò gùn. Ẹsẹ kẹjọ àti ìkẹsàn-án ní ẹ̀bùn ni, kì í ṣe nípa iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa yangàn. Ẹsẹ kẹwàá ní fún iṣẹ́ rere ni Ọlọ́run ṣe dá wa nínú Kírísítì Jésù. Àṣìṣe tó wà láàárín ẹ̀yin méjì kò ju pé ẹ kò jókòó bá ara yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gun àga. Ká ní ẹnìkejì yín mọ ohun tí ẹ sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni, ì bá bẹ̀rẹ̀ báyìí pé: "Ẹ̀bùn tí a gbọ́ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó máa ń ṣe nínú ẹni tó gbà á." Arábìnrin yẹn kì bá tí ní ìbéèrè lẹ́nu.

Ti àlejò yín ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀.

Ààwẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lẹ́bi. Jésù gbààwẹ̀. Ìjọ Áńtíókù gbààwẹ̀ kí wọ́n tó rán Bánábà àti Sọ́ọ̀lù (Pọ́ọ̀lù nìyẹn) jáde, ó wà nínú Ìṣe 13. Ibi tí àlejò yín gbé ààwẹ̀ sí ni ọ̀rọ̀ wà. Ó mú un, ó fi í sí àárín ẹlẹ́ṣẹ̀ àti ìdáríjì, ó sì ti ilẹ̀kùn pa títí di ọjọ́ kọkànlélógún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gálátíà gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn tó da ìjọ Gálátíà rú ń sẹ́ Jésù ni. Rárá o. Wọ́n gbà pé òun ni Mèsáyà. Ìkọlà tí wọ́n sì ń béèrè fún kì í ṣe nǹkan tí wọ́n fi orí ara wọn gbé kalẹ̀. Inú Ìwé Mímọ́ ló wà, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fún Ábúráhámù. "Jésù pẹ̀lú ìkọlà" ni wọ́n ń wàásù, "pẹ̀lú" yẹn sì ni Pọ́ọ̀lù pè ní ìhìnrere mìíràn. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń kọ́ àwọn oníwàásù, n kò tíì rí ẹni tó fi ohun tó hàn gbangba pé ó burú ba ìhìnrere jẹ́. Ohun rere tí wọ́n ṣí nípò ni mo sábà máa ń rí: ààwẹ̀, ọrẹ, aṣọ, ìgbọràn sí olórí ìjọ. Ohun rere ni gbogbo wọn, títí di ìgbà tí wọ́n bá sọ wọ́n di kọ́kọ́rọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwàásù méjì bára mu, ẹ má wo kókó ọ̀rọ̀ wọn, ẹ má sì wo ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n kà. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn ni kí ẹ fetí sí. Kí ni oníwàásù ní kí olùgbọ́ gbọ́kàn lé bó ṣe ń padà sílé? Bí ọ̀kan bá ní kó gbọ́kàn lé ohun tí Kírísítì ti ṣe, tí èkejì ní kó gbọ́kàn lé ohun tí òun alára máa ṣe, ẹ ti ní iṣẹ́ méjì lọ́wọ́, kódà kí ó jẹ́ ẹsẹ kan náà ni àwọn méjèèjì kà.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ti gbọ́ tí oníwàásù fi òwe yìí gbèjà ara rẹ̀, pé Ọlọ́run ló rán òun, pé òun sì lómìnira láti tún iṣẹ́ náà ṣe bó ṣe wu òun. Òótọ́ ni òwe náà, ó sì wúlò. Ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ líle rán lè wá ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tí yóò fi sọ ọ́, ó lè mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ àti ìgbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ó ṣì ń jẹ́ iṣẹ́ náà ni. Bí wọ́n bá ní kó sọ fún wọn pé gbèsè ti kúrò lọ́rùn wọn, tó débẹ̀ tó ní ó kù díẹ̀ kí wọ́n san án tán, kò fi tọmọ jẹ́ ẹ mọ́. Ó ti dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Kí wá ni iṣẹ́ náà? Ibi tó ti ṣe ṣókí jù tí mo mọ̀ ni 1 Kọ́ríńtì 15:3 sí 5. Pọ́ọ̀lù ní òun fi lé wọn lọ́wọ́ ohun tí òun náà gbà: pé Kírísítì kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wa gẹ́gẹ́ bí Ìwé Mímọ́ ti wí, pé a sin ín, pé a jí i dìde ní ọjọ́ kẹta, pé ó fara han Kéfà, ìyẹn Pétérù, lẹ́yìn náà àwọn méjìlá. Ó ka àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn, títí kan àwọn ará tó lé ní 500 tó rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ kọkànlá wá wọlé: ìbáà ṣe èmi, ìbáà ṣe àwọn, báyìí là ń wàásù.

Ẹ rántí ẹni tó ń kọ èyí sí. Ìjọ yìí kan náà ni orí kìíní lẹ́tà náà sọ pé wọ́n ń pín ara wọn sẹ́yìn oníwàásù: "Èmi, ti Pọ́ọ̀lù ni mí." "Èmi, ti Àpólò." "Èmi, ti Kéfà." Pọ́ọ̀lù kò yanjú ìjà yẹn nípa fífi hàn pé òun ló mọ̀ ọ́n wàásù jù nínú àwọn mẹ́ta. Nígbà tí yóò fi dé ìparí lẹ́tà, orúkọ Kéfà ló kọ́kọ́ kọ nínú àwọn ẹlẹ́rìí, tirẹ̀ ló sì fi kásẹ̀, pé òun lòún kéré jù nínú àwọn àpọ́sítélì. Bí mo bá ní kí ìjọ yín há ẹsẹ kan sórí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹsẹ kọkànlá yẹn ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbà pé ìṣọ̀kan yìí túmọ̀ sí pé kí gbogbo ẹnu máa sọ gbólóhùn kan náà. Ẹ gba inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì kọjá. Ní Jerúsálẹ́mù (orí 2), Pétérù ń bá àwọn Júù sọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wòlíì Jóẹ́lì, ó sì gba inú Sáàmù kọjá. Ní Áńtíókù ti Písídíà (orí 13), Pọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ láti Íjíbítì, ó dé ọ̀dọ̀ Dáfídì, ó gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Jésù. Ní Áténì (orí 17), kò ka ẹsẹ Ìwé Mímọ́ kankan fún wọn. Pẹpẹ tí wọ́n kọ "Sí Ọlọ́run tí a kò mọ̀" sára rẹ̀ ló fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fa ọ̀rọ̀ àwọn akéwì tiwọn yọ. Ọ̀nà kan ò wọjà, lóòótọ́. Àmọ́ inú ọjà kan náà ni gbogbo ọ̀nà yẹn já sí: ẹni tí Ọlọ́run jí dìde kúrò nínú òkú, àti ìpè pé kí ènìyàn yí padà. Ti Lísírà (orí 14) ni kò dé ibi àjíǹde nínú ohun tí Lúùkù kọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ ké sí wọn pé kí wọ́n yí padà. Wọ́n ń múra láti fi màlúù rúbọ sí oníwàásù lọ́jọ́ náà, agbára káká ni ó fi dá wọn dúró, nítorí náà ẹ má fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Àwọn ìran tó tẹ̀ lé àwọn àpọ́sítélì náà ja ìjà yìí, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ti gbìyànjú láti fi ipá mú ìwàásù ṣọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni ti Marcion, olùkọ́ kan ní ọ̀rúndún kejì. Ọkùnrin yìí rí i pé Májẹ̀mú Láéláé àti Májẹ̀mú Tuntun kò dún bákan náà sí òun létí, ó bá yọ Májẹ̀mú Láéláé kúrò pátápátá. Nínú ìhìnrere mẹ́rin, ti Lúùkù nìkan ló mú, ó sì gé e. Lẹ́tà Pọ́ọ̀lù mẹ́wàá ló fi kún un. Ìwàásù rẹ̀ kò takora mọ́ lóòótọ́, ohun tó kù ni kò tó nǹkan. Ìjọ Róòmù yọ ọ́ lẹ́gbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 144. Ó ti fún ìjọ náà ní ọrẹ ńlá nígbà tó dé, 200,000 owó sesterce ti Róòmù. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó padà fún un. Mo máa ń rò ó pé ìjọ mélòó ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí.

Èkejì ni ti Tatian, òǹkọ̀wé Kristẹni kan, ní nǹkan bí ọdún 170. Òun kò ju nǹkan kan nù. Ńṣe ló hun ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ di ìtàn kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni má bàa béèrè ìdí tí Mátíù fi sọ ọ́ báyìí tí Jòhánù fi sọ ọ́ bọ́ọ̀hún. Iṣẹ́ tó mọ́yán lórí ni, àwọn ìjọ Síríà sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, ní ọ̀rúndún karùn-ún, Bíṣọ́ọ̀bù Theodoret ti Cyrrhus kó ẹ̀dà rẹ̀ tó lé ní 200 kúrò nínú àwọn ìjọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì fi ìhìnrere mẹ́rin rọ́pò wọn. Ìjọ yàn láti máa gbọ́ ẹlẹ́rìí mẹ́rin. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bí ẹlẹ́rìí mẹ́rin bá wá síwájú adájọ́ tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ṣe ni adájọ́ máa bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn.

Ẹni tó sọ ọ́ tó yé mi jù ni Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Lyon, ní nǹkan bí ọdún 180. Ó ní ìjọ tàn ká gbogbo ayé, síbẹ̀ ó ń pa ìgbàgbọ́ yìí mọ́ bí ẹni pé inú ilé kan ló ń gbé. Èdè wọn yàtọ̀ síra, ohun tí a fi lé wọn lọ́wọ́ kò yàtọ̀. Ó wá fi kún un pé olórí ìjọ tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ jù kò ní sọ ohun mìíràn, ẹni tí kò sì mọ̀rọ̀ọ́ sọ kò ní dín in kù. Mo fẹ́ràn gbólóhùn ìkẹyìn yìí gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń wàásù ló rò pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò dá ṣáká ló ń ba ìhìnrere jẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ ni kí a máa ṣọ́. Òun ló ní okun láti fi nǹkan kún un.

Ibi kan tún wà tí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣi Pọ́ọ̀lù gbọ́. Nínú Fílípì 1:15 sí 18, ó sọ nípa àwọn kan tó ń wàásù nítorí ìlara àti ìjà, tí wọ́n tilẹ̀ ń fẹ́ kí ìyà òun tó wà lẹ́wọ̀n pọ̀ sí i. Kí ló ní òun máa ṣe? Ó ní òun ń yọ̀, níwọ̀n ìgbà tí a ti ń wàásù Kírísítì. Nínú Gálátíà 1:8, ọkùnrin yìí kan náà ní bí áńgẹ́lì láti ọ̀run bá wàásù ohun mìíràn, kí ó di ẹni ègún. Ọkàn àwọn ti àkọ́kọ́ burú, iṣẹ́ wọn pé. Àwọn ti Gálátíà lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ìjọ tọkàntọkàn, iṣẹ́ wọn ti yí padà. Àwa ń ṣe òdìkejì. Bí oníwàásù kan bá múnú bí wa, a ó máa wá àṣìṣe nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ kiri. Bó bá jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn wa, a ó gba ohunkóhun tó bá sọ wọlé. Kí ẹ tó lo ọ̀rọ̀ mi lòdì sí àlejò yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló dùn yín tàbí ariwo tí ìjọ ń pa fún un.

Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kọ́ o. Nínú Gálátíà 2, Pọ́ọ̀lù ko Pétérù lójú níwájú gbogbo ènìyàn ní Áńtíókù. Ẹ wá ìwàásù èké tí Pétérù ṣe, ẹ kò ní rí i. Ó ń bá àwọn tí kì í ṣe Júù jẹun tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn kan dé láti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù, ó fà sẹ́yìn, ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Ìyẹn náà ni. Kò sọ gbólóhùn kan tó lòdì sí ìhìnrere, ó kàn dìde nídìí oúnjẹ, síbẹ̀ Pọ́ọ̀lù ní wọn kò rìn déédéé gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ ìhìnrere. Bánábà pàápàá bá wọn lọ. Ìjọ lè ní oníwàásù márùn-ún tí wọ́n ń sọ ohun kan náà láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà máa darí olówó síwájú, kó ní kí òtòṣì dúró lẹ́yìn. Jákọ́bù 2:2 sí 3 ti ṣàpèjúwe ẹni náà, títí dórí òrùka wúrà. Iṣẹ́ tó lágbára jù nínú ìsìn ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti jẹ́ ẹ.

Ẹ béèrè bóyá kí gbogbo yín máa wàásù láti inú ìwé kan. Wọ́n ti dán an wò. Ní ọdún 1547, lábẹ́ Ọba Edward Kẹfà, ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwàásù 12 jáde pé kí àwọn àlùfáà máa kà á fún ìjọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn kò lè wàásù fúnra wọn. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́, n kò ní bú u. Àmọ́ ìwé kò mọ ẹni tó sunkún mọ́jú nínú ìjọ. Ohun tó sàn jù, lójú tèmi, ni kí ẹ̀ka Ìwé Mímọ́ tí ẹ ó wàásù lé lórí jẹ́ èyí tí a ti yàn sílẹ̀, kí ìwàásù wá jẹ́ tiyín. Ìjọ Kátólíìkì ní ètò kíkà ọlọ́dún mẹ́ta láti ọdún 1969, ọ̀pọ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì sì ń lo èyí tó jọ ọ́ tó jáde ní ọdún 1992. Bí ìjọ yín kò bá sí nínú wọn, ẹ mú odindi ìwé kan, Máàkù fún àpẹẹrẹ, kí ẹ̀yin méjèèjì máa gbà á fún ara yín láti orí dé orí. Ẹni tí ẹsẹ Bíbélì bá yàn kì í lè máa pa orin kan ṣoṣo bíi ti ẹni tó ń yan ẹsẹ fúnra rẹ̀.

Èmi náà ti jẹ̀bi rí, nítorí náà ẹ má rò pé orí òkè ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Lọ́dún kan, mo kó ìwé tí mo ń kọ ìwàásù mi sí jáde, ti ọdún mẹ́ta, mo sì ń kà á bí ẹni ń ka ti ẹlòmíràn. N kò rí ìwàásù kan tó burú níbẹ̀. Àpapọ̀ wọn ló bà mí lẹ́rù. Ìwà, ìwà, ìwà, láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Àjíǹde Jésù kò yọjú àfi lákòókò Ọdún Àjíǹde. Ẹni tó bá gbọ́ mi fún ọdún mẹ́ta yẹn yóò mọ irú ènìyàn tí Ọlọ́run fẹ́ kí ó jẹ́, kò ní mọ ohun tí Ọlọ́run ti ṣe fún un. Ẹ kó tiyín jáde, kí ẹnìkejì yín náà kó tirẹ̀ jáde, kí ẹ pààrọ̀ wọn.

Nígbà tí ẹ bá jókòó, ẹ kọ ojú ìwé kan péré. Ẹ kọ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi kún, tí a kò sì gbọ́dọ̀ yọ kúrò. Àwọn àpọ́sítélì náà kọ tiwọn sílẹ̀ nínú Ìṣe 15 lẹ́yìn àríyànjiyàn tó gbóná, wọn kò sì fi ìwé nìkan ránṣẹ́. Wọ́n fi Júdásì tí à ń pè ní Básábà àti Sílà lé e, kí àwọn náà fẹnu ara wọn sọ ọ́. Apá ìsàlẹ̀ ojú ìwé yín, ẹ kọ àwọn ohun tí ìjọ yín fohùn ṣọ̀kan lé ṣùgbọ́n tí ìjọ mìíràn lè ṣe lọ́nà tirẹ̀: aago ìsìn, ètò ìrìbọmi, bí ẹ ṣe ń gba ààwẹ̀. Ohun tó kù jẹ́ èrò oníwàásù. Ó lè sọ ọ́, kó ṣáà jẹ́wọ́ pé èrò òun ni. Ẹ wo bí Pọ́ọ̀lù ti ṣe é nínú 1 Kọ́ríńtì 7. Ní ẹsẹ kẹwàá, ó ní kì í ṣe òun ló ń pàṣẹ bí kò ṣe Olúwa. Ní ẹsẹ kejìlá, ó ní òun ló ń sọ ọ́, kì í ṣe Olúwa. Ní ẹsẹ karùndínlọ́gbọ̀n, ó ní òun kò ní àṣẹ Olúwa lórí rẹ̀, òun kàn ń dá ìmọ̀ràn ni. Àpọ́sítélì ń ṣe bẹ́ẹ̀! Ká ní àlejò yín sọ pé, "Ààwẹ̀ yìí ti ràn mí lọ́wọ́, mo sì dá a lábàá fún yín," kò sẹ́ni tí ì bá kọ lẹ́tà sí mi.

Ti ìṣọ̀kan láàárín ìjọ kan àti èkejì, ẹ kò béèrè, n kò sì ní fà á gùn. Kí ẹ kàn mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ìjọ Kátólíìkì àti àwọn ìjọ Lùtẹ́ránì tí wọ́n ti ń jiyàn láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún lórí bí Ọlọ́run ṣe ń dá ẹlẹ́ṣẹ̀ láre fọwọ́ sí ìwé ìfohùnṣọ̀kan lórí rẹ̀ ní ìlú Augsburg, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1999. Wọn kò tíì di ìjọ kan. Pọ́ọ̀lù àti Bánábà pàápàá yapa ní ìparí Ìṣe 15 kan náà yẹn, nítorí Jòhánù Máàkù, olúkúlùkù sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Iṣẹ́ kan náà ló wà lẹ́nu àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n ń lọ.

Ó ku ti àlejò. Bíbélì fi ọ̀nà méjì hàn wá láti tún oníwàásù ṣe. Àpólò mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ìtara rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ìrìbọmi Jòhánù Onítẹ̀bọmi nìkan ló mọ̀. Pírísílà àti Ákúílà mú un sọ́dọ̀, wọ́n sì ṣàlàyé ọ̀nà Ọlọ́run fún un dáadáa (Ìṣe 18:26). Wọn kò dá a dúró láàárín ọ̀rọ̀. Ti Pétérù, gbangba ni, nítorí pé Pétérù mọ òótọ́, gbangba ló sì ti ṣe é, àwọn ènìyàn sì ti ń tẹ̀ lé e. Ti Àpólò ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ pe àlejò yín, ẹ̀yin àti àgbà ìjọ kan, ẹ bi í pé ṣé bí ẹ ṣe gbọ́ ọ yẹn ló ṣe ní in lọ́kàn. Nígbà mìíràn, ìtara ló máa ń gbé ènìyàn kọjá ibi tó fẹ́ dúró. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ gan-an lòún ní in lọ́kàn, kí àwọn àgbà má pè é mọ́, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ fún un lójúkojú.

Ní ti ìjọ, gbangba ni wọ́n ti gbọ́ ọ, gbangba ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbọ́ èyí tó tọ́. Ẹ má dárúkọ rẹ̀, ẹ má sì fi ìdajì wákàtí jà pẹ̀lú ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹ ka ìtàn agbowó orí tó dúró lókèèrè nínú Lúùkù 18, tó ń lu àyà rẹ̀ pé kí Ọlọ́run ṣàánú òun, tó sì lọ sílé ní ẹni tí a dá láre. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi yé wọn pé ọjọ́ yẹn gan-an ló lọ sílé bẹ́ẹ̀. Farisí tó dúró nínú tẹ́ḿpìlì pẹ̀lú rẹ̀ ló ń ka iye ìgbà tó ń gbààwẹ̀ lọ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró di ọjọ́ ìsinmi kí ẹ tó rí arábìnrin yẹn. Ẹ wá a lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bi í bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ náà. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ ní kó jáwọ́. Ẹ kàn bi í pé kí ló ń retí pé kó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejìlélógún, kí ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi dáhùn. Ibi tí ìdáhùn rẹ̀ bá já sí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.